Kúìlìtì: "aṣọ alálẹ̀mọ́" kọ́ o

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ìjíròrò. Ẹ̀gbọ́n tó ń kọ káàdì tí wọ́n máa fi sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan níbi àfihàn aṣọ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó dábàá "aṣọ alálẹ̀mọ́" gẹ́gẹ́ bí orúkọ Yorùbá fún kúìlìtì, ìyẹn aṣọ tí wọ́n sábà máa ń tẹ́ òwú sáàárín ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀, tí wọ́n á wá rán gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Ẹlòmíì fèsì pé "aṣọ onípele mẹ́ta" ló dáa jù. Èmi ò gba ìkankan nínú méjèèjì.

Ká mú "lẹ̀" ná. Bí orúnkún ṣòkòtò bá ya, télọ̀ á gé aṣọ lé e, á rán etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lílẹ̀ nìyẹn. Kúìlìtì tí Harriet Powers, obìnrin adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà, parí ní 1898, tó wà ní mùsíọ́mù ní Boston, bá ọ̀rọ̀ yìí mu: abala àwòrán 15 ló wà lára rẹ̀, èèyàn, ẹranko àti ìràwọ̀ tó gé láti ara aṣọ, tó sì rán lé aṣọ míì lórí. Ẹ wá wo iṣẹ́ àwọn obìnrin Gee's Bend, abúlé kan ní Alabama, ní Amẹ́ríkà. Aṣọ iṣẹ́ tó ti gbó ni wọ́n ń ya, wọ́n á rán etí mọ́ etí, kò sí èyí tó gun orí èkejì. Mo rò pé "àránpọ̀" ni ká pe irú ìyẹn. Òmíràn tún wà tó jẹ́ odindi aṣọ funfun kan ṣoṣo, tí kò ní oríkèé (ibi tí wọ́n ti rán aṣọ méjì pọ̀) kankan. Ipa òwú ìránṣọ nìkan ni ọnà ara rẹ̀. Kí la lẹ̀ mọ́ kí níbẹ̀?

"Onípele mẹ́ta" náà kò yọ. Kóòtù ọkọ ìyàwó ní ojú, ó ní gọ́ọ̀mù sítéè tó ń mú un le nínú, ó ní láínìn. Mẹ́ta géérégé, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa pè é ní kúìlìtì. Kántà àwọn ará Bẹ̀ǹgál, ní apá Íńdíà àti Bangladesh, ńkọ́? Sárì (aṣọ gígùn tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń wé mọ́ra) tó ti gbó ni wọ́n ń tò léra, òwú lè má sí láàárín rẹ̀ rárá, kúìlìtì sì ni.

Ohun tó sọ aṣọ di kúìlìtì ni abẹ́rẹ́ tó gba ojú wọlé, tó la inú kọjá, tó yọ lẹ́yìn, títí gbogbo rẹ̀ fi di ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró lórí "àránmọ́ra". Ẹ tú ìránmọ́ra yẹn kúrò, òwú inú á ṣù jọ sí igun kan bí wọ́n bá fọ̀ ọ́. Àwọn tó ń ta òwú pẹlẹbẹ yìí máa ń kọ ọ́ sára ọ̀rá rẹ̀, bí ipa ìránṣọ kan ṣe lè jìnnà sí èkejì tó: àwọn kan ò gbà ju ínṣì 4 lọ, àwọn míì gba 8 tàbí 10. Bí ẹ bá rán ti ínṣì 4 bíi ti 10, ẹ máa rí i níbi ìfọṣọ.

Iṣẹ́ ọwọ́ náà fúnra rẹ̀ ya àwọn ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀. Nígbà àránpọ̀, àláwàǹsì (etí aṣọ tí wọ́n ń fi sílẹ̀ fún rírán) ni wàhálà. Ìdá kan nínú 4 ínṣì ni wọ́n ń lò. Bó bá fi ìdá kan nínú 16 ínṣì jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ń jẹ ẹ́, ìdá kan nínú 8 ti lọ ní oríkèé kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn oríkèé 8, ínṣì kan gbáko ti wọgbó, abala yẹn ò ní bá ìkejì rẹ̀ dọ́gba mọ́. Gígán (fífi píìnì mú ojú, òwú àti ẹ̀yìn pọ̀ fúngbà díẹ̀) ló tẹ̀lé e: ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí ínṣì 4 ju ojú lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, torí rírán máa ń fà á wọlé, kí píìnì kan má sì jìnnà sí èkejì ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìgbà yẹn ni ìránmọ́ra tó kàn. Àárín la ti ń bẹ̀rẹ̀, ká máa bọ̀ sí etí. Ẹni tó bá ti etí bẹ̀rẹ̀ yíká, aṣọ á wú láàárín, kò sì síbi tó máa tì í sí. (Ẹni tó bá fẹ́ fi adìrẹ ṣe ojú, kó kọ́kọ́ ṣan án títí omi rẹ̀ á fi mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, aró á kó bá ẹ̀yìn funfun.)

Ẹnìkan tún mú "ìgúnjá" wá, pé abẹ́rẹ́ gún un já sí ẹ̀yìn. Ẹ jọ̀ọ́, létí télọ̀, òwú tó já ni "já".

*Èsì láti Yábàá:*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlàyé. Mo gba àránmọ́ra, àmọ́ mi ò rí ìdí tí a fi ní láti dá "àránpọ̀" sílẹ̀. Egúngún alábala ti wà tipẹ́, aṣọ abala tí wọ́n rán pọ̀ ló ń wọ̀. "Alábala" ti tó fún ti Gee's Bend. Kò sì ní kó bá tiyín, torí aṣọ lè jẹ́ alábala láì jẹ́ àránmọ́ra: abala tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára ẹ̀wù egúngún, kò sí abẹ́rẹ́ tó kàn án mọ́ ohunkóhun nísàlẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n kọ "kúbùsù" sí gbogbo rẹ̀. Àwọn àwòrán èèyàn tí Bisa Butler, oníṣẹ́ ọnà ará Amẹ́ríkà, ń fi àǹkárá ṣe ní kúìlìtì, tí wọ́n ga tó èèyàn gidi, ara ògiri ni wọ́n wà, kò sẹ́ni tó ń fi wọ́n bora. "Àwòrán àránmọ́ra" ni tèmi.

Ibì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ yín ti há. Àwọn kúìlìtì ayé àtijọ́ kan wà ní Amẹ́ríkà, àgékù sílíkì àti fẹ́lífẹ́ẹ̀tì jágbajàgba. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní òwú nínú, kókó okùn níhìn-ín lọ́hùn-ún ni wọ́n fi so ojú mọ́ ẹ̀yìn. Kò sí ìránmọ́ra níbẹ̀. Bí ọ̀kan bá wà níbi àfihàn yẹn, "àsomọ́ra" ni kí wọ́n kọ sí káàdì tirẹ̀.