Ṣé bí dósà ṣe máa ń kan nìyí, àbí èyí tí mo rà ti bàjẹ́?

Ọmọ Ajílété béèrè:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ní ìbéèrè kan tí mo fẹ́ kí ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n dájú bá mi dáhùn, nítorí pé n kò fẹ́ ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́ lórí ohun tí kò yé mi tó.

Ó ti tó oṣù méjì báyìí tí ìyá kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ níbí tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti gbé ní gúúsù Íńdíà rí, ti ń pàtẹ dósà, oúnjẹ àwọn ará ibẹ̀ tí wọ́n ń dín lórí irin gbígbóná, ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ní apá Under-G. Kì í ṣe ilé oúnjẹ. Tábìlì méjì, bẹ́ǹṣì mẹ́ta, sítóòfù gáàsì kan àti irin pẹlẹbẹ kan tí ó fẹ̀ tó ọmọrí ìkòkò alámàlà ni gbogbo ohun tí ó ń gbé wá. Kí aago mọ́kànlá tó lù, oúnjẹ ti tán, a óò sì rí àwọn tí wọ́n ń padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Fún ẹni tí kò tíì rí i: dósà fẹ́lẹ́, ó fẹ̀ ju àwo tí wọ́n gbé e sí lọ, etí rẹ̀ a sì máa pọ́n bí etí àkàrà tí òróró mú dáadáa. Ànàmọ́ òyìnbó sísè tí wọ́n ti fọ́ pọ̀ mọ́ àlùbọ́sà àti atalẹ̀ pupa ni wọ́n ń ká sínú rẹ̀. Ọbẹ̀ méjì ni ó ń bá a wá, àgbọn lílọ̀ tí ó funfun, àti ọbẹ̀ ṣíṣàn kan tí wọ́n ń pè ní sámbà.

Ní Sátidé tí ó kọjá, mo wà lórí ìlà fún ìṣẹ́jú 50 kí ó tó kàn mí. Mo jẹ ọ̀kan lójú ẹsẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi gan-an: etí rẹ̀ ń ró kàràkàrà lẹ́nu, àárín rẹ̀ rọ̀, ó sì kan díẹ̀ ní ọ̀nà tí ó jẹ́ kí ọwọ́ mi tún fẹ́ padà síbẹ̀. Mo wá ra méjì sí i fún ìyá mi, ₦2,500 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dì í sínú ike, wọ́n so ọ̀rá mọ́ ọn, mo sì yà sí ọjà, tí ó fi gbà mí ní nǹkan bí wákàtí méjì kí n tó délé. Nígbà tí Màmá ṣí i, omi ti sẹ̀ sára ìdérí ike náà, dósà méjèèjì ti rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, wọ́n sì ti lẹ̀ mọ́ ara wọn. Màmá fi ìka tọ́ ọ wò, wọ́n ní, "Èyí ti kan, gbé e kúrò níwájú mi." Èmi náà tọ́ ọ wò, ó sì jọ lójú mi pé ó kan ju ti àárọ̀ lọ.

Ṣé kíkan jẹ́ ìwà dósà ni, àbí bíbàjẹ́ ni ó bàjẹ́? Bí ó bá jẹ́ ìwà rẹ̀, báwo ni a ṣe ń dá èyí tí ó kan dáadáa mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kò ṣeé jẹ mọ́? Ṣé ó sì yẹ kí n lọ sọ ọ́ fún ìyá náà?

Ará Ìjerù fèsì:

Mo ti jẹun níbẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin, kò sì sí ọjọ́ tí dósà rẹ̀ kò kan. Ohun tí ó dùn mí ní tèmi yàtọ̀ sí ìyẹn. Ní ìgbà kẹta tí mo lọ, mo dúró fún wákàtí kan ó lé, ó sì ku ènìyàn méjì péré kí ó kàn mí nígbà tí wọ́n kéde pé ó ti tán. Ẹnikẹ́ni kò ka àwa tí a wà lórí ìlà, kí wọ́n lè ti tètè sọ fún àwọn tí ó wà lẹ́yìn pé kí wọ́n má ṣe da ara wọn láàmú. Oúnjẹ náà dára, ìdí nìyẹn tí mo fi tún padà lọ, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí èyí. Ní ti gbígbé e lọ sílé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo dán an wò.

Ẹni tí ó gbé Chennai rí fèsì:

Ẹ kú ìbéèrè. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kàwé ní Chennai, ìlú ńlá kan ní gúúsù Íńdíà, lọ́wọ́ ìyá onílé wa níbẹ̀ ni mo sì ti kọ́ bí a ṣe ń ṣe dósà, nítorí náà ẹ gbà mí láàyè kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i.

Ó yẹ kí ó kan. Ìrẹsì àti ẹ̀wà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní urad ni a fi ń ṣe é; èèpo ẹ̀wà náà dúdú, inú rẹ̀ funfun, ìbátan ẹ̀wà tiwa níbí sì ni. Ìrẹsì ife mẹ́ta sí urad ife kan ni ìyá onílé wa máa ń wọ̀n, àwọn mìíràn a máa wọn ìrẹsì mẹ́rin sí ọ̀kan, wọn a sì fi hulba díẹ̀ sí i, èso tí àwọn tí ń ta egbòogi lọ́jà mọ̀ dáadáa. A óò rẹ ìrẹsì àti urad lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Urad ni a óò kọ́kọ́ lọ̀, a óò máa ta omi tútù sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi wú tí yóò sì fúyẹ́ bí ẹ̀wà àkàrà tí ìyá alákàrà ti lù dáadáa. Bí a bá kán an sínú omi tí ó sì léfòó, ó ti tó. Lẹ́yìn èyí ni a óò lọ ìrẹsì, a óò pò wọ́n pọ̀ mọ́ iyọ̀, a óò sì dé e di ọjọ́ kejì. A kì í fi ìwúkàrà kankan sí i. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ti wà lára ìrẹsì àti ẹ̀wà náà tẹ́lẹ̀, ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lóru. Èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Leuconostoc mesenteroides jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára wọn. Àwọn ni wọ́n ń mú un kan, àwọn náà ni wọ́n ń mú afẹ́fẹ́ jáde nínú rẹ̀ tí ó fi ń wú. Urad a máa yọ̀ díẹ̀ bí ilá, yíyọ̀ yẹn ni ó sì ń di afẹ́fẹ́ náà mú kí ó má bàa sá lọ. Nínú ooru Chennai, wákàtí mẹ́jọ ti tó. Bí a bá fi í sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ooru, kíkan rẹ̀ ń lé sí i ni.

Nípa ìlà tí Ará Ìjerù sọ, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Irin náà gbọ́dọ̀ gbóná, ṣùgbọ́n bí ó bá gbóná jù, ohun tí a dà sí i yóò dì kí a tó tẹ́ ẹ. Ìyá onílé wa a máa wọ́n omi sí irin náà, omi á ké ṣàà, wọn a sì fi ìlàjì àlùbọ́sà tí wọ́n ti bọ òróró nù ún. Wọn a da ìgbákọ kan sí àárín, wọn a wá fi ìdí ìgbákọ náà yí i láti àárín bọ̀ síta, bí ìkarahun ìgbín ṣe ń yí, láìtẹ ọwọ́ mọ́ ọn. Ó tó ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta kí ọ̀kan tó jinná. Bí ogún ènìyàn bá wà níwájú yín, tí olúkúlùkù wọn sì ra méjì, wákàtí kan ó lé ìṣẹ́jú 20 ti lọ nìyẹn, bí ọwọ́ ẹni tí ń dín in bá tilẹ̀ yá. Àwọn ilé oúnjẹ tí èrò ti ń wọ́ ní Chennai àti Bengaluru ní irin ńlá tí ó ń gba ọ̀pọ̀ dósà lẹ́ẹ̀kan náà, ìyá tiwa kò sì ní ju ẹyọ kan lọ.

Kì í ṣe oúnjẹ àgbélọ. Nínú ilé tí mo gbé, wọn kì í dúró de ara wọn láti jẹ ẹ́: ẹni tí tirẹ̀ bá ti kúrò lórí iná á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, ìyá tí ń dín in ni ó sì ń jẹ kẹ́yìn. Èémí gbígbóná tí wọ́n há mọ́ inú ọ̀rá ni ó sọ tiyín di jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ bi yín. Ṣé sámbà kò dà sí i lójú ọ̀nà? Òtílí ni wọ́n fi ń se sámbà, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ oríṣiríṣi, àní àti èso gígùn igi mòríńgà tí àwa níbí kì í fi se ọbẹ̀, ṣùgbọ́n àjàgbọn ni wọ́n fi ń mú un kan. Ó lè jẹ́ àjàgbọn ni Màmá tọ́ wò.

Ìyá Ológì fèsì:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ọmọ mi. N kò jẹ dósà rí, ṣùgbọ́n ògì ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi, nítorí náà mo mọ ohun tí ó ń kan.

Kíkan tí ó dára, òórùn rẹ̀ mọ́. Bí a bá ṣí ìkòkò ògì tí a rẹ àgbàdo rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, òórùn omidùn yóò ta síni nímú, ara kò sì ní kọ̀ ọ́. Èyí tí ó bàjẹ́, òórùn rẹ̀ wúwo, ó máa ń dà bí ẹ̀wà tí ó sùn mọ́jú láìgbóná, ọwọ́ á máa fà lára rẹ̀, nígbà mìíràn àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí àwọ̀ ewé á yọ lójú rẹ̀. Bí a bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ká má wulẹ̀ tọ́ ọ wò. Ọmọ Ajílété, nínú gbogbo ohun tí o kà sílẹ̀, n kò gbọ́ òórùn burúkú níbẹ̀, kíkan nìkan ni mo gbọ́. Ó dà bí ẹni pé èyí tí wọ́n tà fún ọ gbẹ̀yìn ti pẹ́ nínú ooru ju èyí tí o jẹ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má fojú fo àgbọn. Àgbọn tútù tí a lọ̀, tí a kò sè, tí ó wá wà nínú ọ̀rá gbígbóná fún wákàtí méjì, èmi ò ní fún ọmọ mi jẹ. Bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ gbé dósà lọ sílé, ẹ jẹ àgbọn níbẹ̀ tàbí kí ẹ fi sílẹ̀.

Bí ọyẹ́ bá sì dé, ẹ bá mi sọ fún ìyá náà pé kí ó gbé ìkòkò rẹ̀ sún mọ́ ààrò lóru. Ògì tèmi náà kì í tètè kan nínú ọyẹ́.

Ará Ọ̀yọ́ fèsì:

Mo wá láti Ọ̀yọ́ nítorí dósà yìí ní oṣù tí ó kọjá, n kò sì kábàámọ̀ owó ọkọ̀. Mo gbìyànjú láti fi ẹ̀wà funfun tí a bó ṣe é nílé, ní ìlànà kan náà tí a ṣàlàyé lókè yìí. Ó kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò wú tó, kò ṣeé tẹ́ fẹ́lẹ́ láìya, àkàrà ni ó sì ń run nígbà tí ó jinná. Àwọn ọmọ jẹ ẹ́ tán. Ìyẹn ni ó jẹ́ kí n mọ ìdí tí ìyá náà fi ń ránṣẹ́ ra urad ní Èkó, tí ₦2,500 kò sì fi pọ̀ jù lójú mi mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iye yẹn yóò ra àmàlà ẹlẹ́ran tí ó yó ni lọ́dọ̀ wa.

Ọmọ Ajílété padà wá fèsì:

Ẹ ṣeun gbogbo yín, Olúwa kò ní jẹ́ kí ìmọ̀ yín dínkù. Mo mú Màmá lọ síbẹ̀ ní àárọ̀ yìí. Aago méje ààbọ̀ ni a dé, ènìyàn mẹ́rin péré ni ó wà níwájú wa.

Mo sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fún ìyá náà, kò sì bínú rárá. Aago tí mo ra méjì yẹn ni ó kọ́kọ́ béèrè. Ó ní bí ó bá ti di aago mẹ́wàá, abọ́ kejì ni òun ń bù nínú rẹ̀, abọ́ yẹn sì ti wà nínú oòrùn láti àárọ̀, nítorí náà òótọ́ ni pé ó kan ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n kò tíì bàjẹ́. Inú kúlà tí yìnyín wà ni mo rí abọ́ náà lónìí. Ó ti gé páálí kéékèèké tí ó kọ nọ́ńbà sí, Ará Ìjerù, ẹni tí kò bá rí nọ́ńbà gbà yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé tòní kò ní kan òun.

Àwọn tí wọ́n mọ oríkì wa mọ̀ pé Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété ni ibi tí wọ́n gbé ń jẹkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan, Màmá sì jẹ́ ojúlówó ọmọ ibẹ̀, tí oúnjẹ àjèjì kì í tètè wọ̀ lójú. Wọ́n wo dósà náà fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá fa etí rẹ̀ ya, wọ́n ká a bí òkèlè, wọ́n fi bu sámbà. Wọn kò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi jẹ ìdajì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi ìyá náà bóyá ẹni tí ó kọ́kọ́ se ọbẹ̀ yìí mọ gbẹ̀gìrì, wọ́n sì fi àgbọn rẹ̀ jẹ ìyókù. Ànàmọ́ nìkan ni wọ́n kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, gbogbo rẹ̀ pátá.

Ìyá náà ní èyí tí kò ní ànàmọ́ wà, sada dosa ni orúkọ rẹ̀, ₦1,500 ni. Màmá ti ní kí wọ́n fi méjì pamọ́ fún àwọn ní Sátidé tí ń bọ̀, àti pé orí bẹ́ǹṣì yẹn ni àwọn yóò ti jẹ ẹ́.