Èrò ń bọ̀ létí adágún wa: kí ló yẹ ká tètè ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìgbà ooru ti kù sí dẹ̀dẹ̀, èrò tó máa ya wá sí àdúgbò wa létí adágún á sì pọ̀ ju onílé lọ. Èmi ni wọ́n ní kí n ṣètò, ọkàn mi ò sì balẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, mo tẹ pákó kan lórí afárá tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Ó rọ̀ bíi kànrìnkàn, ìṣó ti yọrí síta. Ibi táwọn ọmọdé ti ń sáré láìwọ bàtà nìyẹn! A máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ti ìdọ̀tí àti ibi ìgbọ́kọ̀sí, a ti ń bá a bọ̀.

Omi gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Oòrùn lè mú ganrínganrín, kí omi ṣì tutù nini. Ẹni tó bá bẹ́ sínú rẹ̀ lójijì, èémí rẹ̀ lè há, bó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa. Báwo lẹ ṣe ń sọ èyí fún àlejò tí wọ́n fi ń gbọ́? Ṣé pátákó ìkìlọ̀ tó, àbí ẹ máa ń gba ẹni tó ń ṣọ́ àwọn òmùwẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó ti ṣe é rí gbà mí nímọ̀ràn.