"Àdàkọ" kọ́, "àkọbùlẹ̀" ni

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ó máa fi pe ohun tí Òyìnbó ń pè ní plagiarism ni a ń wá níbí. Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé lánàá ní bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sínú iṣẹ́ rẹ̀ láìdárúkọ onítọ̀hún, "àdàkọ" ni ká máa pè é. Ẹ má bínú sí mi sà, n ò fara mọ́ ọn. Láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni tíṣà ti ń kọ nǹkan sójú pátákó, tó ń pariwo pé, "Ẹ dà á kọ!" Ẹni tí kò dà á kọ ló ń jẹ ẹgba. Ṣé ohun tí a fi ẹgba kọ́ ọmọ ni a ó wá sọ di orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ tó bá dé yunifásítì? "Jíwèéwò" náà kò bá a mu, gbọ̀ngàn ìdánwò ni ti ìyẹn.

"Jíjí iṣẹ́ oníṣẹ́" tí àǹtí wa láti Àkúrẹ́ mú wá ló wọ̀ mí lọ́kàn. Ó tilẹ̀ bá gbòǹgbò ọ̀rọ̀ tí àwọn Òyìnbó ń lò mu. Plagiarius, lédè Látìn, ajínigbé ni, ẹni tó ń jí ọmọ ọlọ́mọ tàbí ẹrú ẹlẹ́rú gbé. Martial, akéwì Róòmù, ló fi bú ẹni tó ń ka ewì rẹ̀ kiri bíi pé tirẹ̀ ni, ní ọ̀rúndún kìíní.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò tó, ibẹ̀ gan-an ló ń dùn mí. Ìkọ̀wé ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Oǹdó níbí. Lóṣù tó kọjá, ọmọkùnrin kan mú orí kejì projéẹ̀tì rẹ̀ wá. Mo kà á dé ojú ewé kẹta, mo bá a níbẹ̀ pé òun ṣe ìwádìí kan ní 1998. Ọmọ ọdún méjìlélógún! Olè nìyẹn, kò ní orúkọ méjì. Lọ́sẹ̀ kan náà, ọmọbìnrin kan mú tirẹ̀ wá. Ó kọ orúkọ gbogbo òǹkọ̀wé àti ọdún ìwé wọn. Ṣùgbọ́n gbólóhùn wọn ló wà níbẹ̀: ó yọ ọ̀rọ̀ méjì, ó ki méjì mìíràn bọ̀ ọ́, ó gbé ìdí gbólóhùn sí orí. Mo fi báírò pupa kọ "olè" sí etí ìwé rẹ̀. Ó ní, "Mà, mo dárúkọ wọn." Omi ti dé ojú rẹ̀.

Ẹgbẹ́ àwọn alákòóso ètò ìkọ̀wé ní yunifásítì Amẹ́ríkà, Council of Writing Program Administrators, ti ya àwọn méjèèjì yìí sọ́tọ̀ láti 2003. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ lo ohun ẹlòmíràn láìjẹ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ń pè lólè. Ẹni tó gbìyànjú àtidárúkọ, tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gún, ẹ̀kọ́ ló kù fún un. Wọ́n sì ní kí olùkọ́ má máa gbé iṣẹ́ kan náà jáde lọ́dọọdún, kó sì máa wo iṣẹ́ ọmọ láti ìpìlẹ̀. (Ìyẹn bà mí gan-an.)

Irú èyí tí ọmọbìnrin yẹn ṣe ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Rebecca Moore Howard sọ ní patchwriting. Lójú tirẹ̀, ọ̀nà tí ọmọ ń gbà wọnú èdè tó ṣì ṣàjèjì sí i ni. Àbá mi ni "àkọbùlẹ̀". Ẹ wo aránṣọ ní Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́, tó bá fi àbùlẹ̀ sí orúnkún ṣòkòtò, ta ló ń pè é lólè? Ojú òwú ló kàn ń hàn. Ṣé àwọn àgbà náà ló ní ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni.

Ẹnìkan ní òwe kò ní ẹni tó ni ín, pé àṣà àjèjì ni kéèyàn máa dárúkọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Rárá o. Kí ni "Yorùbá bọ̀, wọ́n ní" ń ṣe lẹ́nu wa? Bí ọmọdé bá pòwe lójú àgbà, á ní "tótó, ó ṣe bí òwe", àgbà á sì ní "wàá rí òmíràn pa". Ọmọ náà ti jẹ́wọ́ pé òun yá a ni, wọ́n sì fún un láyè.

Bẹ́ ẹ bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju "àkọbùlẹ̀" lọ, ẹ fi ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ yẹn ni ọmọbìnrin náà ń bọ̀ wá gbé ìwé rẹ̀, mo sì fẹ́ pa "olè" yẹn rẹ́, kí n kọ òmíràn rọ́pò rẹ̀.