Wọ́n fẹ́ yẹ gògóńgò màmá mi wò, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Ọjà Tákìè, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ni màmá mi ti ń tajà. Ohùn wọn ti há kọjá oṣù kan; orógbó àti oyin kò ràn án. Dókítà kọ “laryngoscopy” fún wọn: rọ́bà tín-ín-rín tó ní kámẹ́rà ni yóò gba ihò imú wọlé, kí wọ́n lè rí gògóńgò, níbi tí awẹ́ méjì tó ń gbọ̀n di ohùn wà. Ó ní ohùn tó bá há kọjá ọ̀sẹ̀ 3 kì í ṣe ohun à ń fi àgbo tì. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ló ń ba màmá, wọ́n rò pé wọ́n fẹ́ la ọ̀fun àwọn ni. Ẹ̀yin tí wọ́n ti ṣe é fún, ṣé ó dùn yín? Báwo ni kí n ṣe là á yé wọn tí ọkàn wọn á fi balẹ̀?