"Yàn" kan ṣoṣo ló ń dá ìjà sílẹ̀: àdìbòyàn ni àbí àṣàyàn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa.

Àbá méjì ló wà nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ó máa lò fún àmì-ẹ̀yẹ fíìmù. Àkọ́kọ́ ní kí á máa pe ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó lè gbà á ní "olùdíje". Èkejì ní kí á máa pe ẹni tàbí ohun tó bá gba àmì-ẹ̀yẹ náà ní "àyànfẹ́ òǹwòran". Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Èkejì ni n ó kọ́kọ́ mú, torí ibẹ̀ ni ariwo ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ka orúkọ tán lórí tẹlifíṣọ̀n, ohun tí ẹ máa gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn onírun l'Àgbádárìgì ni "Òjóró ni! A dìbò, wọ́n yí i." Bẹ́ẹ̀ ìsọ̀rí tí wọ́n ń torí ẹ̀ bínú lè jẹ́ ti ohùn tàbí ti mékọ́ọ̀pù, tí òǹwòran kankan ò dìbò sí. Ètò àmì-ẹ̀yẹ fíìmù Africa Magic Viewers' Choice Awards tó bẹ̀rẹ̀ l'Èkó lọ́dún 2013 ni àpẹẹrẹ tó yé gbogbo wa. Òǹwòran wà nínú orúkọ ètò náà gan-an, àmọ́ àwọn adájọ́ ló ń pinnu iṣẹ́ ẹ̀yìn kámẹ́rà. Ìsọ̀rí kan wà fún ìbò aráàlú, kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Tí a bá wá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú "àyànfẹ́ òǹwòran", àwa gan-an la fi ọ̀rọ̀ òjóró sí wọn lẹ́nu.

"Yàn" ló kó wa sí i. À ń yan tòmátì lọ́jà, à ń dìbò yan gómìnà, afọbajẹ ń yan ọba. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ẹni tó ń pinnu ò rí bákan náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí á pín in: "àdìbòyàn" fún èyí tí òǹwòran dìbò sí, "àṣàyàn adájọ́" fún èyí tí ìgbìmọ̀ jókòó lé lórí. Àṣàyàn ti wà lẹ́nu wa tipẹ́, ṣíṣà sì wà nínú rẹ̀: ẹnì kan yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó mú un. Àdìbòyàn jẹ́ tuntun, àmọ́ bí wọ́n ṣe hun àgbéléwò la ṣe hun òun náà. Àyànfẹ́, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún ìyàwó.

Ìbò pàápàá ò rí bákan náà. Nínú Oscar, àmì-ẹ̀yẹ fíìmù ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òṣèré ló ń fa òṣèré kalẹ̀, ẹ́dítà ló ń fa ẹ́dítà kalẹ̀, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó dìbò àṣekágbá. Ní ti fíìmù tó dára jù, olùdìbò á to àwọn fíìmù náà láti orí èkíní dé ìgbẹ̀yìn. Tí kò bá sí èyí tó ré kọjá ìdajì, wọ́n á yọ èyí tí ipò kìíní rẹ̀ kéré jù, wọ́n á pín ìwé ìbò rẹ̀ fún èyí tó tẹ̀ lé e lórí ìwé kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa yọ ọ́ títí ọ̀kan á fi ré kọjá ìdajì. Èyí tó kọ́kọ́ ní ipò kìíní jù lè má gbà á! "Ìbò onítòlẹ́sẹẹsẹ" ni mo pè é. "Ìbò onípele" tí ẹnì kan dá lábàá máa ṣi wá lọ́nà, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni olùdìbò ń dìbò àṣekágbá náà.

Ó ku olùdíje. Olù- ń tọ́ka sí ẹni tó ń ṣe nǹkan. Aṣọ inú fíìmù kì í díje, orin inú rẹ̀ kì í díje. Marlon Brando, òṣèré Amẹ́ríkà tó kọ Oscar lọ́dún 1973, ìdíje wo ló ń bá ẹnikẹ́ni ṣe? "Àfàkalẹ̀" ni mo fẹ́ ní tèmi: ó gba ènìyàn, ó gba nǹkan. Ẹ máa ní ó dún bí ohun tí wọ́n wọ́ nílẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú ń fa ènìyàn kalẹ̀ lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó gbà á ńkọ́? "Olúborí" dára, àfi pé ó sọ àwọn yòókù di ẹni tó fìdí rẹmi. Torí irú èyí ni wọ́n ṣe pa "ẹni tó borí ni" tì lórí ìtàgé Oscar lọ́dún 1989, tí wọ́n ń sọ pé Oscar ń lọ sọ́dọ̀ lágbájá. Lẹ́nu atọ́kùn tiwa, "Àmì-ẹ̀yẹ náà di ti..." ti tó, ó kúrú, orúkọ sì gbẹ̀yìn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má dá "ẹlẹ́yẹ" lábàá o. Àwọn ìyá ayé ni wọ́n máa kà sí i.

Òjóró náà nílò ààlà. Tí wọ́n bá yọ ẹni tó yẹ sílẹ̀, "wọ́n fò ó dá" nìyẹn. Ti Oscar 2017 kì í ṣe òjóró: ìdì àpò ìwé méjì ló wà, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ ìtàgé kọ̀ọ̀kan; wọ́n fún atọ́kùn ní ẹ̀dà ti òṣèrébìnrin tó dára jù, ni wọ́n bá pe La La Land dípò Moonlight fún fíìmù tó dára jù. "Àṣìpè" ni.

Ìsọ̀rí fíìmù "èdè abínibí" ló kù tí mo fẹ́ kí ẹ gbà mí láyè yí padà sí "èdè ìbílẹ̀". Ọmọ ẹ̀yà Ògù tó wà l'Àgbádárìgì níbí ń wo fíìmù Yorùbá, ó ń gbọ́ ọ já geere, àmọ́ èdè tí wọ́n bí i bá kọ́ nìyẹn.