Ọ̀pá ìbọn bàbá mi ti ń mì, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin àgbà ọdẹ, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Abẹ́òkúta ni mo wà, lápá Láfẹ́nwá. Ìbọn ẹlẹ́nu kan tí wọ́n ń ṣẹ́ láàárín ki ọta ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, mo sì ní ìwé àṣẹ. Tí mo bá ti igbó dé, màá yọ igi abẹ́ ọ̀pá, màá gbé ọ̀pá kúrò lára ìdí, màá nù ún, màá tún un tò.

Láti ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ni ọ̀pá náà kò ti dúró gbọn-in mọ́. Mo yọ igi abẹ́ rẹ̀, mo mì ín, ńṣe ni mímì náà tún pọ̀ sí i. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fura pé irin tí ọ̀pá ń yí lé lórí ló ti jẹ. Eruku ọyẹ́ tó bá pò mọ́ òróró a máa fá irin bí iyanrìn, èmi sì rèé, òróró tuntun ni mo ń dà lé ti àtijọ́ láì nù ún. Ó dùn mí gan-an.

Alágbẹ̀dẹ kan ní kí wọ́n jó o pọ̀. Ọkàn mi kò gbà á. Iná lè sọ irin di rírọ̀, ojú mi ló sì wà lẹ́yìn ibẹ̀ tí mo bá yìn ín. Mo ti gbé e kọ́ ná.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé irin yẹn nìkan ṣeé pààrọ̀? Ṣé gíríìsì díẹ̀ ló yẹ ibẹ̀ ju òróró lọ? Ẹni tó bá ti ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ bá mi sọ ọ́.