Ọkọ̀ ìmòòkùn fún àwa tó ti pẹ́ nínú ẹ̀: kí lẹ máa ń bi wọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó?

OmiTútù
Ẹ kú déédéé ìwòyí o ẹ̀yin ará. Èmi àti ìyàwó mi ti ń mòòkùn bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́, tèmi ti lé ní ìgbà 300, tiẹ̀ ń lọ sí 180, àwa méjèèjì la ní sátífíkéètì nitrox, ìyẹn afẹ́fẹ́ táńkì tí ọ́síjìn inú ẹ̀ pọ̀ ju ti afẹ́fẹ́ lásán lọ. Ọkọ̀ tá a wọ̀ kẹ́yìn pariwo pé àwọn tó dáńtọ́ nìkan làwọn ń gbé, a sanwó, a débẹ̀, la bá bá èèyàn 16 pẹ̀lú gáìdì kan ṣoṣo, àwọn kan nínú wọn ò tíì mòòkùn tó ìgbà mẹ́wàá láyé wọn. Gbogbo wa tò tẹ̀lé gáìdì bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ìṣẹ́jú 28 péré, afẹ́fẹ́ ẹnì kan kù sí 50 bar lórí géèjì táńkì ẹ̀, gáìdì ní kí gbogbo wa máa gòkè, èmi ṣì ní 120 nínú táńkì o! Mi ò bínú sáwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, àwa náà bẹ̀rẹ̀ níbì kan. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé báwo lẹ ṣe ń dá ọkọ̀ tó yẹ wá mọ̀, torí ohun kan náà ni gbogbo wọn ń kọ sórí wẹ́ẹ̀bù wọn.

BàbáLọ́ọ̀gì
Àbúrò, ẹnu lásán nìyẹn jàre, ta ni ò lè kọ ọ́? Èmi kì í wo ohun tí wọ́n kọ, ìbéèrè tí wọ́n bá bi mí ni mò ń wò. Ọkọ̀ tó gbowó lọ́wọ́ mi láì béèrè ìgbà tí mo mòòkùn kẹ́yìn, bí mo ṣe lọ jìn tó nísàlẹ̀ omi rí, bóyá mo mọ bí wọ́n ṣe ń rán DSMB, báálùù tó ń fi ibi téèyàn wà han ọkọ̀, sókè látìsàlẹ̀, bó ṣe gbowó lọ́wọ́ ẹlòmíì náà nìyẹn, ẹ ó sì jọ bá ara yín nínú omi ni. Tí wọ́n bá wá ń yọ ẹ́ lẹ́nu pé gbé lọ́ọ̀gì, ìwé tó o ń kọ ìmòòkùn rẹ sí, wá ká rí i, kó pé 50, kó pé 100, tàbí pé ìmòòkùn àkọ́kọ́ máa jẹ́ ìdánwò, má bínú, ohun tó ò ń wá gan-an lo rí yẹn.

Lẹ́yìn náà, bi wọ́n ní ṣàkó: ṣé èmi àti ìyàwó mi lè mòòkùn láìsí gáìdì? Má jẹ́ kí wọ́n dá ẹ lóhùn pé "a máa rí sí i". Àwọn ibì kan wà tí kò sí lọ́wọ́ wọn o. Ní erékùṣù Galápagos ní Ecuador, dandan ni gáìdì, bó o tiẹ̀ ti mòòkùn nígbà 2,000, torí náà má bá ọkọ̀ jà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ sí Scapa Flow ní Scotland, níbi táwọn ọkọ̀ ogun Jámánì wà, àwọn tí àwọn ará Jámánì fọwọ́ ara wọn rì sómi ní 1919. Atukọ̀ á ṣàlàyé bí ọkọ̀ tó rì náà ṣe dùbúlẹ̀, á gbé ẹ dé ìdí okùn tó sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, ó parí. Ìwọ àti ẹnìkejì rẹ ló kù. Omi ibẹ̀ tutù, ó tún ṣú, púpọ̀ nínú wọn ló jìn ju mítà 30 lọ. Irú ibẹ̀ yẹn ò gba kéèyàn máa pọ́n ara ẹ̀ lé rárá.

Àǹtí_Ìdákọ̀ró
Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ ti fi ìdajì sílẹ̀. Ẹ ní kó dá mòòkùn, ó dá mòòkùn, ta ló máa wá gbé e? Èmi ti kàgbákò ẹ̀ rí. Ọkọ̀ ju ìdákọ̀ró sílẹ̀, omi yí padà nígbà tá a wà nísàlẹ̀, ó gbé àwa mẹ́ta lọ, a gòkè, a rí ọkọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó sì rí wa, àmọ́ kò lè kúrò lójú kan torí àwọn márùn-ún ṣì wà lábẹ́ ẹ̀. A léfòó fún ìṣẹ́jú 50! Láti ọjọ́ yẹn, ìbéèrè mi àkọ́kọ́ ni pé ṣé ọkọ̀ máa wà lórí ìdákọ̀ró ni àbí ó máa tẹ̀lé wa, tó bá sì wà lórí ìdákọ̀ró, ṣé ọkọ̀ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó lè wá gbéni?

Kíka èèyàn náà ńkọ́? Ní 1998, tọkọtaya ará Amẹ́ríkà kan ni ọkọ̀ fi sílẹ̀ sínú òkun ní Great Barrier Reef ní Australia, ọjọ́ méjì kọjá kí wọ́n tó mọ̀, wọn ò rí wọn mọ́ títí dòní. Àwọn méjèèjì mọ omi o. Orúkọ ni kí wọ́n máa pè, kí wọ́n rí ojú ẹ, kì í ṣe orí ni kí wọ́n kàn máa kà.

Ìbéèrè kan tún wà tí mo fẹ́ràn: ìgbà wo lẹ darí ọkọ̀ padà sílé láìmòòkùn kẹ́yìn, kí ló fà á? Atukọ̀ tí kò bá rántí ọjọ́ kankan, mi ò wọ tiẹ̀.

Nitrox_Lásán
Táńkì ńkọ́, ẹnì kankan ò sọ̀rọ̀ táńkì. Ẹ bi wọ́n bóyá DIN ni, irú ẹnu táńkì tí wọ́n ń yí ẹ̀rọ ìmí mọ́, lítà mélòó ni, ṣé wọ́n ní 15 fẹ́ni tó bá ń jẹ afẹ́fẹ́. Tó bá jẹ́ nitrox 32 (ọ́síjìn ìdá 32 nínú 100) nìkan ni wọ́n ní tí ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ sì jẹ́ mítà 40, kò lè ṣiṣẹ́, torí ní 1.4, ìwọ̀n ìfúnpá ọ́síjìn tí wọ́n ní kéèyàn má kọjá, mítà 33 ló mọ. Kí wọ́n sì jẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín wọn ọ́síjìn inú táńkì. Tí wọ́n bá ní ẹ má ṣèyọnu, àwọn ti wọ̀n ọ́n, ẹ sá.

BàbáLọ́ọ̀gì
Àǹtí, mo gbà fún yín. Tó bá tún jẹ́ ọkọ̀ tẹ́ ẹ máa sùn sí, ẹ bi wọ́n ẹni tó máa ń jí ṣọ́ ọkọ̀ lóru, àti ibi tí wọ́n ti ń ṣáàjì bátìrì. Ọkọ̀ ìmòòkùn Conception tó jóná ní California ní 2019, èèyàn 34 ló kú, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n sùn sí, ìwádìí ìjọba sì sọ pé kò sí ẹnì kankan tó ń rìn yíká ṣọ́ ọkọ̀ lóru yẹn.

OmiTútù
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti kọ̀wé sí ọkọ̀ méjì. Àkọ́kọ́ ní kò séwu, ká ṣáà fowó ránṣẹ́. Èkejì gba lọ́ọ̀gì wa wò, ó ní ìyàwó mi ò tíì wọ omi láti oṣù mẹ́jọ, torí náà ibi tí kò jìn la máa fi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Ìyàwó mi ti fárígá, ó ní ta ni wọ́n ń pè ní ọmọ tuntun 😂

Àǹtí_Ìdákọ̀ró
Èkejì yẹn ni kó o sanwó fún. Bá wa bẹ ìyàwó ẹ.

OmiTútù
Ẹ̀yin ẹ wá bẹ̀ ẹ́ fúnra yín o, èmi ò lẹ́nu ẹ̀.